Ọmọ Èkó ló wà nínú awọ Alien: àwọn fíìmù tí èmi àti àbúrò mi fi ń ṣọ́ òru

Ilé tiwa kì í ṣe ilé tí wọ́n ti ń tètè sùn. Àbúrò mi ọkùnrin ní àrùn tí Yorùbá ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní sickle cell. Bí egungun bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó lóru, oorun ti parí fún gbogbo ilé nìyẹn. Màmá wa á gbé omi gbígbóná àti aṣọ ìnura wá, Bàbá á máa rìn lọ rìn bọ̀ nínú pálọ̀, èmi tí mo jẹ́ àkọ́bí, iṣẹ́ tèmi ni kí n wá nǹkan tó máa mú ọkàn rẹ̀ kúrò lára ìrora náà. Nǹkan ọ̀hún ni fíìmù. Kò fẹ́ aláwàdà, kò fẹ́ onífẹ̀ẹ́. Ó ní bí ara bá ń dun òun, èyí tó ń dẹ́rù bani ni kí n gbé sí i, torí ẹ̀rù máa ń jẹ́ kí èèyàn gbàgbé orúnkún.

Torí náà, bí mo bá ní kí ẹ wo fíìmù kan, kì í ṣe pé mo gbọ́n nínú ọ̀rọ̀ sinimá. Mo kàn mọ èyí tó lè mú ọmọ ọdún mẹ́rìnlá gbàgbé ìrora fún wákàtí méjì, tí ilẹ̀ á sì mọ́ bá wa níbi tí a ti ń jiyàn pé ṣé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lè ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Ẹni tí kò bá fẹ́ gbọ́ òpin ìtàn kó tó wò ó, kó yáa rọra máa kà á o. Èmi kì í lè pa á mọ́ sínú.

Alien ni mo máa fi ṣáájú. Ọdún 1979 ló jáde, Ridley Scott ló darí rẹ̀. Òṣìṣẹ́ méje ló wà nínú ọkọ̀ ńlá kan tó ń ru ẹrù kọjá nínú gbalasa òfurufú, tí wọ́n ń darí bọ̀ wálé. Wọn kì í ṣe sójà, wọn kì í ṣe akọni. Èèyàn bíi tèmi tìrẹ tó ń ráhùn lórí owó àjẹmọ́nú ni wọ́n. Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ jí wọn lójú oorun pé àmì kan ń wá láti ibì kan, wọ́n sì yà síbẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn tó ń jẹ́ Kane rí nǹkan kan bí ẹyin, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn láti wò ó dáadáa. Ẹyin là, nǹkan kan ta jáde, ó lẹ̀ mọ́ ọn lójú. Wọ́n gbé e padà sínú ọkọ̀, kò sẹ́ni tó lè já a kúrò. Nígbà tó yá, nǹkan náà já bọ́ fúnra rẹ̀. Kane jí, ebi ń pa á, gbogbo wọn yí tábìlì oúnjẹ ká, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ibi oúnjẹ yẹn ni ọmọ ẹranko kan ti fọ́ àyà Kane jáde.

Ibẹ̀ gan-an ni NEPA ti mú iná lọ lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ wò ó. Bàbá ní kí ẹnì kan lọ tan jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìnkùlé. Títí di òní, kò tíì sẹ́ni tó lọ.

Àbúrò mi ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, irọ́ nìyẹn. Kò sí ẹ̀dá tó lè máa gbé inú ẹni kó sì jẹ ẹ́ jáde.” Èmi náà gbà pé irọ́ ni. Ìgbà tí mo wọ yunifásítì, tí mo ń kọ́ nípa kòkòrò, ni mo tó mọ̀ pé agbọ́n wà tó jẹ́ pé bí wọ́n ṣe ń bímọ nìyẹn gẹ́lẹ́, àti pé ọ̀kan nínú wọn ló gba gàrí wa sílẹ̀.

Ẹ gbọ́ ná. Ní àwọn ọdún 1970, kòkòrò funfun kan bẹ̀rẹ̀ sí í run ẹ̀gẹ́ ní Áfíríkà. Ó dà bíi pé ẹnì kan ku ẹ̀lùbọ́ funfun sí abẹ́ ewé. Gúúsù Amẹ́ríkà ló ti wá, níbi tí ẹ̀gẹ́ fúnra rẹ̀ ti bá àwọn Potogí débí láyé ọjọ́un. Kòkòrò yìí kò nílò akọ. Abo ń bí abo, abo yẹn náà ń bí abo. Níbẹ̀ ní ilé rẹ̀, ó ní ọ̀tá. Níbí, kò ní. Ewé ẹ̀gẹ́ á ká kò, orí igi á rún pọ̀, iṣu abẹ́ ilẹ̀ á ṣe bíńtín. Tí ẹ bá da oògùn sí i, oògùn owó ńlá ni, kò sì sí ohun tí àgbẹ̀ oníhéktà kan máa fi rà á lọ́dọọdún.

Ní IITA tó wà ní Ìbàdàn, ọmọ ilẹ̀ Switzerland kan tó ń jẹ́ Hans Herren àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ronú pé ká lọ wá ọ̀tá náà wá láti ilé. Paraguay ni wọ́n ti rí i: agbọ́n kan tí kò gùn tó mìlímítà méjì, tí kì í ta èèyàn. Anagyrus lopezi ni orúkọ rẹ̀. Ní 1981 ni wọ́n kọ́kọ́ tú u sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Ohun tí abo rẹ̀ máa ń ṣe ni pé á gún kòkòrò funfun yẹn, á yé ẹyin sí i nínú, á bá tirẹ̀ lọ. Ẹyin á pa. Ìdin á máa jẹ inú kòkòrò náà, kòkòrò ṣì ń rìn kiri. Tó bá yá, kòkòrò á gan, ara rẹ̀ á le bí èèpo, agbọ́n tuntun á gé ihò sí i lára, á fò jáde. Kane gan-an lẹ ń wò yẹn! Agbọ́n náà tàn ká ilẹ̀ Áfíríkà níbi tí wọ́n ti ń gbin ẹ̀gẹ́, ẹ̀gẹ́ padà bọ̀ sípò, wọ́n sì fún Herren ní ẹ̀bùn World Food Prize ní 1995. Mo sọ ọ́ fún Màmá nígbà kan tó ń ro ẹ̀bà. Ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n jẹ́ kí òun jẹun tán ná.

Èyí tó jẹ́ kí fíìmù yìí di ti ilé wa ṣì wà níwájú.

Ẹ mọ̀ pé ọmọ ẹranko tó jáde láyà Kane máa ń dàgbà, á ga, á dúdú, á máa dán, orí rẹ̀ á gùn bí ọpọ́n. Ayàwòrán ọmọ Switzerland kan, H.R. Giger, ló ya ìrísí rẹ̀. (Àwọn ará Switzerland yìí sì ń bọ̀ nínú ọ̀rọ̀ wa o.) Kò sí kọ̀ǹpútà tó lè ya irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nígbà náà, èèyàn ló gbọ́dọ̀ wọ awọ rẹ̀. Ridley Scott ò sì fẹ́ kí ẹni tó bá wò ó rí i pé èèyàn ló wà níbẹ̀. Wọ́n ń wá ẹni tó ga ju bó ṣe yẹ lọ, tó tín-ínrín, tí apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn. Nínú ilé ọtí kan ní Lọ́ńdọ̀nù ni ẹnì kan nínú àwọn tó ń wá òṣèré ti rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó fẹ́ẹ̀ẹ́ tó ẹsẹ̀ bàtà méje. Akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọnà ni. Kò ṣe fíìmù rí. Èkó ni wọ́n ti bí i ní 1953. Bọ́lájí Badéjọ ni orúkọ rẹ̀.

Ẹ padà ka orúkọ yẹn. Ẹranko tó ń lé Sigourney Weaver kiri inú ọkọ̀, tí gbogbo ayé ń sá fún láti 1979, ọmọ Yorùbá ni.

Wọ́n rán an lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń rìn jẹ́jẹ́, bí wọ́n ṣe ń yí ara láìsọ̀rọ̀, kí ẹranko náà má baà máa rìn bí ẹni tó wọ aṣọ eégún. Nígbà tó wọ awọ ọ̀hún tán, ìrù rẹ̀ ò jẹ́ kó lè jókòó sórí àga; ṣe ni wọ́n ṣe nǹkan bí jáńgírọ́fà fún un láti máa sinmi. Lẹ́yìn Alien, kò ṣe fíìmù mìíràn mọ́. Ó padà wálé, ó ṣí ibi tó ti ń ṣàfihàn iṣẹ́ ọnà. Ó kú ní Èkó ní 1992, ó ku díẹ̀ kó pé ọmọ ogójì ọdún. Sickle cell ló pa á.

Orí fóònù ni mo ti ka èyí, ní ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì àbúrò mi ní ọsibítù. Ó ti lé lọ́mọ ogún ọdún nígbà náà, wọ́n fa omi sí i lápá. Mo kà á fún un. Kò sọ nǹkan kan fún ìgbà díẹ̀. Ó wá yíjú sí mi, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ohun tí ẹ ń sọ ni pé SS ni Alien?” Ló bá bú sẹ́rìn-ín, ó rín in títí nọ́ọ̀sì fi wá wò wá.

Nǹkan tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn méjèèjì rèé. Nínú sẹ́ẹ̀lì pupa ni èròjà tí wọ́n ń pè ní hemoglobin wà. Òun ló ń gbé oxygen kiri ara. Nínú jíìnì tí ara fi ń ṣe é, lẹ́tà kan ṣoṣo ló yí padà lára àwọn tó ní àrùn yìí. Lẹ́tà kan! Bí oxygen bá ti dín kù, hemoglobin wọn á máa so mọ́ ara wọn bí ọ̀pá, sẹ́ẹ̀lì tó yẹ kó rí roboto á tẹ̀ kọrọdọ bíi dòjé. Dòjé ni wọ́n ń pè ní sickle lédè Gẹ̀ẹ́sì. Dòjé kì í sì í lọ geere nínú ọ̀nà tóóró. Á há sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ kéékèèké, èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn á kọlù ú, ibi tí ẹ̀jẹ̀ ò bá sì dé á bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Ariwo yẹn ló ń jí wa lóru.

Ní 1910 ni James Herrick, dókítà kan ní Chicago, kọ̀wé nípa irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ tó rí lábẹ́ máíkíróskóòpù. Lọ́dọ̀ wa níbí, àwọn oníṣègùn kan ti kọ ọ́ pé nínú àwọn ọmọ tí àwọn àgbà ń pè ní àbíkú, tí wọ́n ń kọ lára tí wọ́n sì ń gé ní ìka, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọmọ tó ní àrùn yìí ni púpọ̀ nínú wọn. Ẹ ò rí i pé ìtàn adẹ́rùbani ti wà nílẹ̀ wa kí tẹlifíṣàn tó dé?

Ooru, òtútù òjijì, àárẹ̀, àìmumi tó: gbogbo nǹkan tí dókítà ní kí àbúrò mi máa sá fún nìwọ̀nyẹn. Ẹ wá wo ọkùnrin kan nínú awọ tí kò gba atẹ́gùn láyè, láti orí dé ẹsẹ̀, lábẹ́ iná sitúdíò. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀, mi ò lè wo fíìmù náà bí mo ṣe ń wò ó tẹ́lẹ̀. Bí ẹranko náà bá ti yọ, ṣe ni mo máa ń ro ó pé ṣé wọ́n fún un lómi mu.

Èyí tó tẹ̀ lé e lọ́wọ́ mi ni The Thing, ti John Carpenter, 1982. Kì í ṣe fún ọmọdé rárá o. Èmi gan-an ń fi ọwọ́ bojú níbi kan. Àwọn ọkùnrin kan wà ní Antarctica, yìnyín ló yí wọn ká, òtútù ò jẹ́ kí wọ́n lè lọ síbì kan. Ajá kan sá dé ọ̀dọ̀ wọn. Àṣé kì í ṣe ajá. Ẹ̀dá kan ni, tó máa ń wọ inú nǹkan abẹ̀mí, á sì di nǹkan ọ̀hún, láti orí irun dé ohùn. Láìpẹ́, kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó jẹ́ èèyàn mọ́ láàárín wọn. Ó jáde nígbà tí gbogbo ayé ń wo E.T., ẹ̀dá òfurufú onínúure, kò sì fi bẹ́ẹ̀ pa owó. Inú ìwé kékeré kan tí John W. Campbell kọ ní 1938 ni wọ́n ti mú un, ọdún kan náà tí Fágúnwà gbé Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde. Mo fẹ́ràn láti máa ro ó pé àwọn méjèèjì jókòó sídìí ìwé wọn lásìkò kan náà, ọ̀kan ń kọ nípa yìnyín, èkejì ń kọ nípa igbó, tí ọ̀rọ̀ wọn sì jẹ́ ọ̀kan: ohun tó dúró níwájú rẹ yìí, ṣé ohun tó jọ náà ni?

Ibi tí wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ni ká wo fíìmù yìí sí. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan sínú àwo, wọ́n fi wáyà gbígbóná kàn án. Ẹ̀jẹ̀ èèyàn á kàn hó ṣìn-ín. Èyí tí kì í ṣe ti èèyàn á fò sókè kó lè sá, torí gbogbo ẹ̀kán rẹ̀ ló fẹ́ yè. Àbúrò mi, tí wọ́n ti gba ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀ tó fi sú u, ò kì í mí níbẹ̀. Ó ní òun mọ ojú tí wọ́n fi ń wo àwo yẹn.

Ẹ má ṣe rò pé àfinúrò lásán ni. Ara wa ní ẹ̀ṣọ́ tó máa ń bi gbogbo nǹkan pé ta ni ọ́, àwọn kòkòrò àrùn sì ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń purọ́ fún un. Èyí tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri, tó ń fa àrùn oorun àsùnjù, ní jíìnì aṣọ tó ju ẹgbẹ̀rún kan lọ. Bí ẹ̀ṣọ́ ara bá ti ń dá aṣọ tó wọ̀ mọ̀, díẹ̀ nínú wọn á ti pàrọ̀ sí òmíràn. Kòkòrò ibà náà ní irú ọgbọ́n yìí, inú sẹ́ẹ̀lì pupa wa ló ń sá pamọ́ sí. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti tún kan AS. Ẹni tó gba jíìnì dòjé lọ́dọ̀ òbí kan ṣoṣo, ibà kì í fi bẹ́ẹ̀ rí i pa. Anthony Allison ló fi èyí hàn ní 1954. Ìdí nìyẹn tí jíìnì náà fi pọ̀ láàárín wa, tó fi jẹ́ pé nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà ló jẹ́ AS. Ààbò tí àwọn kan jẹ, àwọn mìíràn ló ń san owó rẹ̀.

Àwọn tí mi ò ní kí ẹ wò ńkọ́? Lucy, 2014. Wọ́n ní ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ọpọlọ wa là ń lò. Ọpọlọ tó jẹ́ nǹkan bí ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara, tó sì ń jẹ bí ìdá ogún agbára tí ara ń lò, ta ló máa bọ́ ọ bẹ́ẹ̀ kó fi mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá sílẹ̀ kó máa sùn? Mo pa á níbẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ ti ilé, ẹ wá Òjùjú ti C.J. Obasi, tí òun náà jáde ní 2014: omi àdúgbò kan ní Èkó ló dọ̀tí, àwọn tó mu ún di òkú tó ń rìn. Owó kékeré ni wọ́n fi ṣe é, ó sì hàn. Àmọ́ ẹni tó bá ti gbé níbi tí kọ́lẹ́rà ti ṣọṣẹ́ rí, kò ní rẹ́rìn-ín.

Ọdún 2014 yẹn náà ni Contagion dójú tì mí. Fíìmù Steven Soderbergh ni, 2011 ló jáde, nínú gbogbo fíìmù àjàkálẹ̀ àrùn tí mo ti wò, òun ló sún mọ́ òótọ́ jù. Ian Lipkin, onímọ̀ fáírọ́ọ̀sì ní Columbia University, ló gbà wọ́n nímọ̀ràn. Fáírọ́ọ̀sì inú rẹ̀, wọ́n wo Nipah ṣe é ni, èyí tó ti ara àdán bọ́ sára ẹlẹ́dẹ̀, tó ti ara ẹlẹ́dẹ̀ bọ́ sára èèyàn ní Malaysia ní 1998 sí 1999. Níbẹ̀ ni Kate Winslet ti dúró níwájú pátákó tó ń ṣàlàyé R0, ìyẹn iye èèyàn tí aláìsàn kan máa kó àrùn ràn níbi tí kò tíì sẹ́ni tó ní ààbò. Bó bá jẹ́ méjì, ọ̀kan á di méjì, méjì á di mẹ́rin, mẹ́rin á di mẹ́jọ. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀ dé ìgbà ogún. Ẹnì kan wà níbẹ̀ tó ń tan irọ́ kálẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé òdòdó kan tó ń jẹ́ forsythia ló ń wo àrùn náà sàn. Àwọn èèyàn tò sílé oògùn, wọ́n ń jà. Nígbà tí mo wò ó ní 2012, mo rẹ́rìn-ín wọn. Mo ní àwọn òyìnbó yìí mà gọ̀ o.

Ní ìdájí ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹjọ 2014, fóònù Màmá dún. Ebola ti wọ Èkó láti oṣù keje. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ló ń pè, pé kí ilẹ̀ tó mọ́, kí gbogbo ilé fi omi gbígbóná àti iyọ̀ wẹ̀, kí wọ́n sì mu nínú rẹ̀. Màmá jí wa. Mo ti gba oyè nínú ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì nígbà yẹn. Mo wẹ̀ ẹ́. Mo mu ún. Mo bu kọ́ọ̀bù kan fún Màmá, ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, òun náà mu ún. Àbúrò mi ló kọ̀. Ó dúró ní ẹnu ọ̀nà bálùwẹ̀, ó ní, “Iyọ̀ á fa omi ara mi gbẹ, ẹ̀jẹ̀ mi á sì dì. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin náà? Ẹ̀yin tí ẹ wo Contagion?”

Ó tọ̀nà. Bí omi bá dín kù nínú sẹ́ẹ̀lì, hemoglobin á sún mọ́ra sí i, dòjé á sì tètè tẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni orí fi ń fọ́ Màmá. Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde nínú oṣù yẹn pé ó kéré tán, èèyàn méjì ti kú ní Nàìjíríà nítorí omi iyọ̀. Ohun tó gbà wá lọ́wọ́ Ebola kò sí nínú kọ́ọ̀bù kankan. Dókítà Ameyo Adadevoh kọ̀ kí aláìsàn àkọ́kọ́ kúrò ní ọsibítù, ó sì fi ẹ̀mí rẹ̀ dí i. Ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kẹjọ ló kú. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera sì wá àwọn tó ti fara kan aláìsàn kàn, 894 èèyàn, wọ́n ń kanlẹ̀kùn wọn, ìbẹ̀wò tó tó 18,500. Èèyàn ogún ló kó o, mẹ́jọ kú, ó dúró síbẹ̀. Ẹ wo fíìmù náà, kí ẹ wò ó dé òpin, níbi tí wọ́n ti fi ọjọ́ kìíní hàn yín: igi tí wọ́n wó, àdán, ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹlẹ́dẹ̀, ọwọ́ alásè tí kò fọ̀. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, láìsọ̀rọ̀.

Ó ku Gattaca, 1997. Mo fi í sẹ́yìn torí kò rọrùn fún mi. Kò sí ẹranko nínú rẹ̀, kò sẹ́ni tí wọ́n fọ́ láyà, Andrew Niccol tó darí rẹ̀ ò tiẹ̀ pè é ní adẹ́rùbani. Lẹ́tà mẹ́rin tí wọ́n fi ń kọ DNA, G, A, T, C, ni wọ́n fi hun orúkọ rẹ̀. Nínú ayé yẹn, bí wọ́n bá ti bí ọmọ, wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n á ka ọjọ́ ọ̀la rẹ̀ síta lójú ẹsẹ̀. Ti Vincent: àìsàn ọkàn, ìdá 99 nínú ọgọ́rùn-ún, á kú lẹ́ni ọgbọ̀n ọdún. Nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ fẹ́ bí àbúrò rẹ̀, wọ́n lọ bá dókítà, wọ́n ṣa èyí tó dára jù. Vincent fẹ́ lọ sí òfurufú. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá burú, ìgbálẹ̀ ni wọ́n ń fún un níbẹ̀. Ló bá ra ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn, ó ń fi í wọlé lójoojúmọ́.

Ní 1997, àwọn òyìnbó ń wò ó bí ohun tó ń bọ̀ lọ́jọ́ iwájú. Àwa ńkọ́? Ta ló fẹ́ ṣègbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì púpọ̀ nílẹ̀ yìí tí wọn ò ní béèrè ìwé genotype lọ́wọ́ rẹ̀? Àwọn òbí wa, AS ni àwọn méjèèjì. Wọn ò mọ̀ títí àbúrò mi fi dé. Nínú oyún kọ̀ọ̀kan irú àwọn bẹ́ẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé ọmọ á jẹ́ SS. Èmi náà, AS ni mí. Ọkùnrin kan wà tí mo fẹ́ fẹ́, ọdún mẹ́ta la fi jọ wà. A lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Òun náà jẹ́ AS. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni mo fi í sílẹ̀. Gbogbo ẹbí ní mo ṣe ohun ọgbọ́n, èmi náà sì mọ̀ pé ọgbọ́n ni.

Ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀ la wo Gattaca pọ̀, èmi àti àbúrò mi. A dé ibi tí dókítà ti ń bá àwọn òbí ṣa ọmọ. Ó dá fíìmù dúró. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí n bi yín ní nǹkan kan, ẹ má bínú. Bọ̀dá yẹn tí ẹ fi sílẹ̀, ṣé kí ẹ má baà bí irú mi ni?”

Mo ní kì í ṣe irú rẹ, ìrora rẹ ni. Ó ní òun ò mọ bí èèyàn ṣe ń ya òun sọ́tọ̀ kúrò lára rẹ̀. Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ó tẹ fíìmù náà padà, a wò ó tán, kò sẹ́ni tó jiyàn lóru yẹn.

Láti ìgbà náà, nǹkan ti yí. Ní oṣù kọkànlá 2023, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí ìtọ́jú kan tó ń jẹ́ Casgevy, Amẹ́ríkà tẹ̀ lé e ní oṣù kejìlá. Wọ́n á kó àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe ẹ̀jẹ̀ jáde kúrò lára aláìsàn, wọ́n á fi ohun èlò tí wọ́n ń pè ní CRISPR gé jíìnì kan níbẹ̀, kí ara lè padà máa ṣe irú hemoglobin tó ń ṣe nígbà tí èèyàn wà ní ọmọ inú oyún, èyí tí kì í tẹ̀ bíi dòjé. Wọ́n á sì dá a padà sára rẹ̀. Kò ní ọmọ ṣíṣà nínú. Ẹni tí wọ́n ti bí ni wọ́n ń tọ́jú. Iye rẹ̀ ní Amẹ́ríkà jẹ́ mílíọ̀nù méjì ó lé igba ẹgbẹ̀rún dọ́là. Mo ka iye yẹn fún àbúrò mi. Ó ní kí n kà á lẹ́ẹ̀kan sí i, bóyá òun ló ṣì gbọ́.

Ó ti lé lọ́mọ ọgbọ̀n ọdún báyìí, ó ti kọjá iye tí wọ́n kà fún Vincent. Ó ń ṣiṣẹ́, ó ń mu omi bí ẹja, oògùn rẹ̀ wà lápò rẹ̀ nígbà gbogbo. Òru ìrora ṣì ń wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó pè mí ní nǹkan bí aago méjì òru, mo gbé kọ̀ǹpútà mi, mo lọ bá a. Mo bi í pé kí ni ká wò. Ó ti gbé omi sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ti na ẹsẹ̀ sórí ìrọ̀rí.

“Ẹ gbé ti Bọ̀dá Bọ́lájí sí i.”